Aṣọ Tí Àlùmọ́gàjí Kò Gbọdọ̀ Kàn

Wọn ò tíì da erùpẹ̀ tán sórí Olebile tí Basadi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti ṣáájú gbogbo ènìyàn padà wálé. Ó yọ okùn kan nínú àpò. Okùn òwú funfun lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò ìyẹ̀fun. Ó wọ yàrá tí Segametsi, ìyàwó olóògbé, jókòó sí lórí tìmùtìmù ilẹ̀, ó ní:

"Dìde, ìyàwó wa. Gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí n wọ̀n ọ́."

Segametsi dìde. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe ìdìde kékeré! Obìnrin méjì ló fà á lọ́wọ́, ẹ̀kẹta ń tì í lẹ́yìn. Basadi na okùn yí àyà rẹ̀ ká, ó so kókó kan. Ó na án yí ikùn ká, ó so kókó kejì. Nígbà tó dé ìdí, okùn fẹ́ tán.

"Ẹ lọ mú èyí tí wọ́n fi ń so màlúù wá," ni obìnrin kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín tòun tomijé, nítorí ẹkún ti sú wọn láti àárọ̀.

Basadi náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ má wulẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀. Iṣẹ́ àbúrò mi lẹ̀ ń wò yìí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi bọ́ ọ." Ó ká okùn náà, ó kì í bọ inú agolo áṣáà rẹ̀. "Ó di ọdún kan. Aṣọ tí a ó fi pààrọ̀ dúdú fún un, okùn yìí ni màá mú lọ sọ́jà."

Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú Mochudi náà nìyẹn. Àwọn ará ilé ọkọ ló ń fi aṣọ dúdú wọ opó, àwọn náà ló ń bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, wọn a sì ra aṣọ tuntun fún un. Kí ọjọ́ náà tó pé, opó kì í sáré, kì í gbé ohùn sókè, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá òun níta. Ibi ìgbéyàwó, kò gbọdọ̀ yà á. Ilé tí ọmọ tuntun bá wà, kó gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá.

Ohun tó pa Olebile ńkọ́? Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ni. Ọkùnrin ńlá ni, tó bá jókòó sórí àga, àga á sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó tẹ àfọ́kù ìgò nínú ọgbà màlúù, ó sì rìn tòun ti ìgò náà lẹ́sẹ̀ títí dé ilé, kò mọ̀. Segametsi ló rí ẹ̀jẹ̀ lórí pèpéle. Ọgbẹ́ náà kọ̀, kò jiná. Wọ́n gé ọmọ ìka, wọ́n gé ẹsẹ̀, wọ́n gé e dé orúnkún. Láàárín gbogbo ìyẹn, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Basadi ń gbé eegun tó lọ́ràá wá pẹ̀lú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì. Á ní, "Àbúrò mi, jẹun, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sí ọ lára." Segametsi ń wò. Ìyàwó ni, kí ló fẹ́ sọ?

Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, òòyì kọ́ òun náà níwájú ààrò. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ kéré sí Gosego, ọmọ bíbí inú rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà le bí ojú ìyá ọkọ. Ó fa ẹ̀jẹ̀ lọ́mọ ìka rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó tún fa òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Màmá, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ dijú. Tí ohun kan bá ti kàn yín lẹ́sẹ̀, ẹ sọ fún mi."

Segametsi dijú. Ó dúró. Ó dúró títí, ẹ̀fọn kan kọrin kọjá létí rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Mo ti parí, Màmá."

Ó la ojú. Nọ́ọ̀sì ti ń da abẹ́rẹ́ nù.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ lẹ́yìn ìyẹn, àfọ́kù ìgò Olebile ni Segametsi ń rí. Kó fi ìyẹ̀fun funfun sílẹ̀, kó jẹ bogobe tí wọ́n fi ọkà bàbà rò, kó má sì ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Kó jẹ ẹ̀wà, kó jẹ ẹ̀fọ́. Kó má rí magwinya sójú mọ́, ìyẹ̀fun dídín tí òróró ń kán lára rẹ̀ yẹn, tí òun máa ń jẹ mẹ́fà lówùúrọ̀. Kó sì máa rìn lójoojúmọ́, kó rìn títí tí yóò fi làágùn.

"Opó ni mí, ọmọ mi. Opó kì í sáré."

"Èmi ò ní kẹ́ ẹ sáré, mo ní kẹ́ ẹ rìn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Òkú náà kì í sáré, Màmá. Èwo lẹ fẹ́ jẹ́ nínú méjèèjì?"

Lọ́jọ́ kejì, bí ilẹ̀ ti mọ́, Segametsi wọ bàtà ìrìnlẹ̀ Olebile tó kù nílé, ó fi ìborùn dúdú bo orí, ó jáde. Òpó iná wà lójú títì láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ títí dé ibi táǹkì omi ńlá lórí òkè. Òpó mẹ́tàlélógójì. Lọ́jọ́ náà, òpó kìíní ló dé. Ó dì mọ́ ọn bí ẹni dì mọ́ ọkọ, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, ajá kan jókòó, ó ń wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, òpó kìíní. Lọ́jọ́ kẹta, òpó kejì. Ó wá rántí pé nígbà tí òun wà lọ́mọbìnrin, tí òun ń gbé garawa lọ sódò, orin làwọn fi ń gbàgbé ọ̀nà. Opó kì í kọrin. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ èyí téèyàn kọ sínú ìborùn?

*Ẹsẹ̀ ọ̀tún, gbé mi lọ,*
*Ẹsẹ̀ òsì, gbé mi bọ̀.*
*Ilẹ̀ pupa, má tíì gbé mi mì,*
*Mo ṣì fẹ́ gbọ́mọ jó.*

Orin náà dùn mọ́ ẹsẹ̀ ju bàtà lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, òpó ogún ló ń dé. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ rí ohun sọ.

"Ìyá Gosego, ta ló ń lé ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi."

"Àbí ìwọ lò ń lé ẹnì kan? Sọ fún wa ká bá ẹ dí i lọ́nà! Ọkùnrin tó yára tó báyìí, ká gbà á mú!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni òmíràn wí, "Olebile ló gbàgbé fìlà sílé, ó ń gbé e lọ fún un."

Wọn a rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín sínú, a sì máa lọ. Ẹnu kò dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó ń fi pín-ìn-nì gba aṣọ dúdú náà sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Oṣù kan, pín-ìn-nì méjì, oṣù kejì, pín-ìn-nì mẹ́rin. Ó ń jẹ bogobe rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ẹ̀wà, ó ń sùn, kì í dìde tọ̀ mọ́ nígbà márùn-ún. Ó tẹ̀ ba láti gbá ilẹ̀, ó bá ara rẹ̀ pé òun ti tẹ̀ ba, ó yà á lẹ́nu.

Ọjọ́ tó dára jù ni ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ó dé òpó kẹtàlélọ́gbọ̀n, nǹkan kan gún un lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún gún un! Ó jókòó sẹ́bàá títì nínú aṣọ opó, ó bọ́ bàtà, òkúta wẹ́wẹ́ kan já bọ́, kò ju hóró àgbàdo lọ. Segametsi gbé òkúta náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì rẹ́rìn-ín kèékèé sókè, ẹ̀rín tí opó kò gbọdọ̀ rín. Ó so ó mọ́ etí ìborùn, ó gbé e wálé, ó fi í sójú fèrèsé.

Ní Kérésìmesì ni Gosego pè láti Francistown níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Irọ́ ni, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Màmá, mo ti lóyún. Wọ́n ní oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀ ni màá bí."

Segametsi wá jókòó lóòótọ́.

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ o. Mi ò bá ìyá ọkọ kankan jókòó. Ẹ̀yin lẹ máa wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ sókè. Ẹ ó ti bọ́ dúdú nígbà yẹn, àbí?"

"Oṣù kẹrin," ni Segametsi wí. "Oṣù kẹrin ni. Kí ọmọ yẹn má kánjú."

Àkọ́bí ọmọbìnrin, ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá àti ọmọ yóò fi wà nínú yàrá, igi ni wọn a gbé dábùú ẹnu ọ̀nà kí àlejò mọ̀ pé kò sáyè. Ìyá àgbà nìkan ló ni yàrá yẹn. Tí ìyá àgbà bá wà nínú dúdú, ẹ̀gbọ́n bàbá ló ń gbà á ṣe. Basadi nìyẹn. Basadi kò bímọ rí.

Láti ọjọ́ náà, Segametsi kò ka òpó mọ́. Ọjọ́ ló ń kà.

Ní oṣù kejì ọdún, Basadi wá sílé. Ẹnìkan ti lọ sọ fún un pé ìyàwó àbúrò rẹ̀ ń yún òkè ń bọ̀ bí ọmọge. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí gúle gúle nítorí òun náà kì í ṣe ènìyàn kékeré, ó wo Segametsi láti òkè délẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìwọ rèé?"

"Èmi rèé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wọlé."

"Mi ò wọlé. Ara tí àbúrò mi fi màlúù bọ́, tí ó fi wàrà bọ́, o lọ ń dà á nù sójú títì? Ní ojoojúmọ́? Níṣojú gbogbo ayé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ní àìsàn tó pa á ló wà lára mi."

"Àìsàn kò pa Olebile! Àwọn tó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló pa á." Basadi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Nígbà tó mú ẹ wá sílé bàbá wa, egungun ni ẹ́. Èmi ni mo rò pé o ò ní lè gbé odó. Ó sọ ẹ́ dènìyàn. Ohun tó kù fún mi láti máa wò nípa rẹ̀ nìyẹn, o sì ń sáré lọ dà á nù. Ta lò ń sọ ọ́ di tín-ín-rín fún?"

"Fún ọmọ Gosego."

"Ọmọ tí wọn ò tíì bí ló ní kó o tín-ín-rín?" Basadi pòṣé. "Mo ti ra aṣọ. Mo ti rà á o."

Ọ̀rọ̀ eegun ọlọ́ràá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dé etí ètè Segametsi. Ó gbé e mì.

Ọjọ́ pé. Wọ́n pa ewúrẹ́, ìkòkò mẹ́ta wà lórí iná. Bàbá Mokgosi, arákùnrin ìyá Olebile, tí ọ̀rọ̀ ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ọ̀pá. Àwọn obìnrin wẹ Segametsi ní kùtùkùtù, wọ́n fá orí rẹ̀, ó mọ́ féfé. Basadi gbé aṣọ náà jáde. Kò sí ẹni tí kò sọ pé "háà!" Leteisi ni, aṣọ òwú aláwọ̀ aró tó ní òdòdó funfun wínníwínní, òórùn ọjà ṣì wà lára rẹ̀. Owó tí ìjọba ń san fún arúgbó ni Basadi fi pamọ́ oṣù dé oṣù tó fi rà á.

Wọ́n bọ̀ ọ́ sí Segametsi lọ́rùn.

Aṣọ náà lọ tààrà sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí igi. Èjìká kan yọ síta. Segametsi yí lọ sí apá òsì, aṣọ dúró sí apá ọ̀tún.

"Yéè! Ẹ wọlé bá a níbẹ̀, àyè wà!" ni obìnrin kan ké, ẹ̀rín bú jáde, wọ́n lu ara wọn lẹ́yìn. Segametsi náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Inú rẹ̀ dùn bíi pé kó jó nínú aṣọ ńlá yẹn.

Basadi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí agolo áṣáà, ó yọ okùn. Ó na án yí Segametsi ká, ó mú kókó dé ibi tí ó yẹ kó dé, ìyókù rọ̀ dirodiro, ó gùn tó apá. Ó gbé e lọ síwájú Bàbá Mokgosi.

"Bàbá, ẹni tí a wọ̀n kọ́ nìyí."

"Báwo?"

"Obìnrin tí àbúrò mi fi sílẹ̀, okùn rẹ̀ rèé. Èyí tó dúró yìí, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò lè bọ́ dúdú ẹlòmíràn."

Ẹ̀rín tán lágbàlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Segametsi wí, "ẹ jẹ́ ká gbé e fún télọ̀. Ìlà méjì péré ni yóò gbà sínú."

"Àlùmọ́gàjí kò gbọdọ̀ kan aṣọ yìí nílé bàbá wa. Ẹni tó bá gé e kí dúdú tó kúrò lọ́rùn, ọkọ rẹ̀ ló gé."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bàbá Mokgosi họ orí.

"Èmi ò gbọ́ èyí rí o, Basadi."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bá ìyá ìyá wa gbé ni, àbí èmi?"

Bàbá náà wo ìkòkò, ó wo oòrùn, ó wo ọ̀pá rẹ̀. Àgbàlagbà tí ebi ń pa ni. "Àkọ́bí ilé ni Basadi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kí opó wà nínú dúdú di oṣù mẹ́ta sí i. Kí aṣọ àti ara lọ bára wọn sọ̀rọ̀."

"Oṣù mẹ́ta!" Segametsi kúnlẹ̀. "Bàbá, Gosego ń bímọ lóṣù kẹfà!"

"Ilé mi gbòòrò," ni Basadi wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo ti fọ ògiri yàrá fún Gosego."

Ibẹ̀ ni Segametsi ti rí i. Kì í ṣe pé Basadi ń parọ́ ẹkún fún àbúrò rẹ̀. Òótọ́ ni ẹkún náà. Ṣùgbọ́n ó ti fọ ògiri.

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ló wí. "Tí aṣọ yẹn bá bá mi mu lọ́sẹ̀ mẹ́fà ńkọ́?"

Basadi wò ó. "Tó bá bá ẹ mu, ọwọ́ mi yìí ni màá fi bọ́ dúdú lọ́rùn rẹ, kí Gosego máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ."

Wọ́n tún wọ dúdú fún un. Ó tún yọ gbogbo pín-ìn-nì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjú sí òkè fúnra rẹ̀. Ó yí i padà. Oríta ló lọ, níbi tí wọ́n ti ń din magwinya.

"Ẹ wo ẹni tí mo rí! Ìyá Gosego, mo rò pé a ti jà ni!"

"Mẹ́fà," ni Segametsi wí.

"Mẹ́fà! Káàbọ̀ sílé!"

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó jẹ ẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ wọ ẹnu rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Èyí kẹrin kò dùn mọ́. Ó jẹ ẹ̀karùn-ún, ó jẹ ẹ̀kẹfà, bí ẹni ń ro oko olóko. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀ magwinya, lọ́sàn-án ìyẹ̀fun funfun rírò tòun ti ọ̀rá ẹran, nírọ̀lẹ́ búrẹ́dì àti ṣúgà ṣíbí márùn-ún nínú tíì. Á wá jókòó lábẹ́ igi, á na ẹsẹ̀, kò ní rìn lọ síbì kankan. Ó gé okùn tirẹ̀, ó so kókó sí i bíi ti Basadi. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń wọn ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ku apá kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ku ìbú ọwọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá sílé ìwòsàn kọjá, kò lọ. Ojú nọ́ọ̀sì yẹn ni kò fẹ́ rí.

Orin kò wá sí i lẹ́nu mọ́. Ó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ìjókòó, "ẹsẹ̀ ọ̀tún, gbé mi lọ", ó dúró síbẹ̀. Gbé e lọ síbo?

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lọ́jọ́ Ajé, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí fóònù dún.

"Màmá! Mo ti bí i o! Ọkùnrin ni!"

"Kí lo wí? Oṣù kẹfà kò tíì wọlé!"

"Ó kánjú ni. Ẹ má bẹ̀rù, ó ń mí dáadáa, ó kàn kéré ni. Mo dé Mochudi láàárọ̀ àná, mo ní kí n fi ya yín lẹ́nu, mi ò tíì kúrò níbùdókọ̀ tí omi fi dà." Ohùn Gosego rọlẹ̀. "Ẹnì kan níbùdókọ̀ ló ránṣẹ́ sí Àǹtí Basadi, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn la ń lọ. Wọ́n ní aṣọ yín kò tíì bá yín mu. Màmá, aṣọ wo ni wọ́n ń sọ?"

Segametsi gbé búrẹ́dì náà mì kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Sọ fún Àǹtí rẹ pé ó ku ìka méjì," ló wí. "Ìka méjì péré."

Ó gbọ́ tí Gosego sọ ọ́. Ó gbọ́ ohùn Basadi lẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ohun ẹlẹgẹ́ dání: "Ìka méjì kọ́ ni a bá ṣàdéhùn."

Ọ̀sẹ̀ kẹfà pé. Kò sí ewúrẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Mokgosi àti àwọn obìnrin mẹ́ta ni. Wọ́n bọ leteisi náà sí i lọ́rùn, ó gbá a mú níbi gbogbo, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá. Basadi fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó gbórí lé e léjìká, ó sì sunkún bí ọmọdé.

"Ìyàwó wa ti dé. Ẹ wò ó, ìyàwó Olebile ti padà wálé."

Wọ́n dáná sun aṣọ dúdú náà. Segametsi kò dúró jẹun. "Ọmọ mi," ló kàn wí. Ilé Basadi kò jìnnà, òpó méje ni. Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìdajì orin ló máa fi dé ibẹ̀. Ó dúró lópó kejì. Ó dúró lópó kẹrin, ó gbá a mú. Lópó kẹfà, Basadi tó ń bọ̀ lẹ́yìn lé e bá, àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń mí gúle gúle.

Igi wà ní dídábùú lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n ré igi náà kọjá. Yàrá náà funfun, ó mọ́, ó ń ta òórùn ọṣẹ. Basadi tọ́jú ọmọ yẹn, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Gosego gbójú sókè láti orí ẹní.

"Màmá?"

"Èmi ni."

"Màmá, kí ló ṣe yín? Ẹ ti wú!"

"Kò wú, ó kún ni," ni Basadi wí. "Gbé ọmọ fún un."

Gosego kò tíì gbé e. "Ẹ sọ fún mi lóṣù kejì pé ẹ dé ibi táǹkì. Mo sọ fún gbogbo àwọn ará ibi iṣẹ́ mi pé màmá mi gun òkè. Mo ní ọmọ mi máa ní ìyá àgbà tó máa bá a sáré."

"Gbé e fún mi, Gosego."

Ó gbà á. Ó fúyẹ́ ju garawa òfìfo lọ. Orí rẹ̀ gbóná lọ́rùn rẹ̀, ó ń wá ọmú kiri lára leteisi. Orin náà padà wá, kò mọ̀gbà tó ṣí ẹnu:

*Ilẹ̀ pupa, má tíì gbé mi mì,*
*Mo ṣì fẹ́ gbọ́mọ jó.*

Ó jó. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta sọ́tùn-ún, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sósì, bí ara tuntun náà ti gbà á mọ. Basadi ń pàtẹ́wọ́.

"Màmá, ẹ dúró," ni Gosego wí. "Ẹ dúró, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́! Ẹ wo ilẹ̀."

Ẹ̀jẹ̀ ni. Gbogbo ibi tó jó dé lórí ilẹ̀ tí Basadi fi ìgbẹ́ màlúù pa dídán, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ róbótó róbótó. Segametsi gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Ẹ̀gún ọgbà ti wọlé sí i lábẹ́, ó gùn tó ìka, ó ti fẹ́ tán sínú.

Ó wò ó. Ó dúró de ìrora. Ìrora kò dé.

"Ẹ̀jẹ̀ gidi nìyẹn," ni Basadi wí, inú rẹ̀ ṣì ń dùn. "Ẹ wò ó bó ṣe nípọn. Ara tó jẹun yó ni. Jókòó, ìyàwó wa, mo ti bu ẹran sílẹ̀ fún ẹ."

Segametsi gbé ọmọ náà padà fún ìyá rẹ̀. Ó jókòó. Gosego fa ẹ̀gún náà yọ, ojú Gosego ló fà ro, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Nínú agbọ̀n ọmọ, láàárín ọṣẹ àti òwú, àlùmọ́gàjí tí Basadi fi ń gé ìlédìí wà níbẹ̀. Segametsi mú un. Ó gbá etí leteisi aláwọ̀ aró náà mú, ó sì gé e, kò yára, kò sì dúró, ó gé e láti iwájú yí dé ẹ̀yìn, ìbú ọwọ́ kan.

"Yéè!" Basadi fi ọwọ́ méjèèjì lérí. "Aṣọ! Ìyàwó wa, aṣọ àbúrò mi!"

Segametsi di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí aṣọ náà ká ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó so ó ní kókó. Ó wo Basadi lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi mu nìyí."